Mi Ò Ya Wèrè, Ọ̀nà Ìyá Rẹ Ni Mo Gbà

Agége,
Ọjọ́ Àìkú.

Múfútàù Àkànní, ọmọ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá dáadáa lo wà. Mo mọ̀ pé dáadáa kọ́. Èmi náà nìyí, inú ń bí mi, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó kà á síwájú. Tó bá jẹ́ ọfíìsì ni ìwé yìí ti bá ọ, dá a padà sínú àpò rẹ̀, kí o wá ibi tí o ti lè fìdí balẹ̀. Mi ò kọ ọ́ kí o máa kà á lórí ìdúró.

Sìlífátù àbúrò rẹ wá síbí lánàá. Ó ní ẹbí máa pàdé nílé rẹ ní Omole lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó ní wọ́n máa fi mí sáàárín, màá bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má bínú, nítorí pé mo gbé mọ́tò jáde nílé, wọn ò sì rí mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní Alhaji Bùráímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ti ń sọ ọ́ kiri pé orí mi ti ń dàrú, pé àfi kí wọ́n máa ṣọ́ mi. Mo bi í pé, "Múfútàù ńkọ́? Kí lòun sọ?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bọ̀ọ̀dá mi ò sọ nǹkan kan."

Ibi tó ti dìde tó fẹ́ máa lọ ló ti wá rántí pé wọ́n ti sọ ọ́ di mánéjà, pé Àbújá ni iṣẹ́ tuntun náà wà, pé ọ̀sẹ̀ méjì òní lo máa bẹ̀rẹ̀.

Àkànní! Ẹnu àbúrò rẹ ni mo ti máa gbọ́ pé ọmọ mi di ọ̀gá? Mo ti forí kanlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, nítorí pé ìbínú mi ò dí ọpẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní wá sí ìpàdé yẹn. Ẹ lè jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí mi ò bá sọ níbẹ̀ ni mo ń kọ síbí, fún ìwọ nìkan, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ ló ń bà mí lẹ́rù.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí láti ọjọ́ náà, kò tíì sí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ọmọ mi tó pe nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀. "Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn" lẹ ń pè é. Ìṣẹ̀lẹ̀ wo? Àṣàbí kú. Ìyàwó mi kú, ìyá rẹ kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì, mo wà ní pálọ̀, mo gbọ́ tí abọ́ já bọ́, mo wá pariwo pé, "Kí lo tún fọ́?" Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá a sọ láyé nìyẹn. Ká tó dé ọsibítù, ó ti tán. Kó tó di àsìkò ìrun mọ̀gárìbì, a ti sin ín.

Ìwọ lo ṣètò gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo wá aṣọ funfun, ìwọ lo pe ààfáà, ìwọ lo ń pín omi fún àwọn tó wá kí wa. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ọ́ pé o ṣe bí ọkùnrin. Èmi ń wo ojú rẹ pé kó rọ̀, kò rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, tí a ṣe àdúà tán, mo lọ kírun ní mọ́sáláṣí. Mo dé, mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ, ó mọ́ tónítóní bíi yàrá òtẹ́lì. Kò sí aṣọ, kò sí bàtà, kò sí ìbòrí. Irọ̀rí tó ń fi sùn pàápàá, ẹ ti gbé e lọ. Mo bi ọ́ pé níbo lẹ kó wọn lọ, o ní, "Bàbá, mo ti pín wọn sàánú ni. Wọ́n á kàn máa rán yín létí." Létí kí ni? Ṣé mo ti gbàgbé ni? Ogójì ọdún ó lé kan ni mo fi bá obìnrin gbé, ìwọ wá fi wákàtí kan kó o jáde kúrò nílé!

Fóònù rẹ̀ ń dún, o pa á. O ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Alhaji Bùráímọ̀ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó ní, "Àlàmú, mú ọkàn le. Mo ti bá ọ rí obìnrin kan ní Onígbòǹgbò, opó ni, ó mọ oúnjẹ sè." Ilẹ̀ sàréè ò tíì gbẹ! Mo ní kó máa mú un lọ sílé ara rẹ̀. Nígbà tí mo wá ní mo fẹ́ gbé mọ́tò jáde díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi lójú, o gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, o fi sápò. "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ sinmi." Èmi tí mo ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí ọ.

Mo jókòó. Mo sinmi. Tí mo bá ń sinmi báyẹn lọ, ẹ ò bá ti sin mí tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ni mo lọ. Ẹ ti gbàgbé pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú agolo tí ìyá rẹ máa ń kó bọ́tìnnì sí. Mo jí láàárọ̀, mo ní kí n sọ fún un pé kó ti fèrèsé, mo sì rántí. Mo tún wá rántí pé àsìkò tó máa ń di ẹrù rẹ̀ lọ sí Ṣakí nìyẹn. O mọ iṣẹ́ tó ṣe. Láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọwọ́ ló ti ń lọ sí Ṣakí ní oṣù méjì-méjì lọ ra òrí, tó ń gbé e bọ̀ wá fún àwọn tó ń ṣe ìpara àti ọṣẹ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà. Òrí yẹn ló fi rán ẹ̀yin méjèèjì lọ sílé ìwé gíga. Mi ò bá a débẹ̀ rí, Àkànní. Kódà lẹ́ẹ̀kan. "Òwò ìyà" ni mo ń pè é. Tó bá dé, tó ní kóun sọ ohun tí ojú òun rí lọ́nà, màá ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ rédíò."

Mo kọ ọ́ sórí ìwé pé, "Mo ń lọ gba afẹ́fẹ́. Ẹ má wá mi." Mo pa fóònù mi, mo gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbá.

Mo kọjá Ṣàngó, mo kọjá Abẹ́òkúta, mo bọ́ sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ibi tí igbó ti pọ̀ ju ilé lọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọjọ́, kò sí ẹni tó ń sọ fún mi pé kí n mú ọkàn le. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ ń rọra sọ ọ́, nígbà tó yá mo ń bá a jà. Mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ó ti ń dùn ọ́ láyà, o ò sọ fún mi! Sìlífátù lo sọ fún, o ní kó má jẹ́ n gbọ́!" Mo pariwo débi pé ọ̀nà ọ̀fun mi ya. Mo lu sítíárìn. Ta ló máa gbọ́? Igi ni. Nígbà tí omijé bò mí lójú, mo rántí pé àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ní òwe nìyẹn, àmọ́ òwe ò mọ mọ́tò wà, mo yà sábẹ́ igi kan, mo pa iná mọ́tò, mo sunkún tán kí n tó máa lọ.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì ṣètò pé màá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: wá ibi tí o ti lè pariwo. Ilé tí èèyàn kún ò dára fún un. Èèyàn dára, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pọ̀, ìwọ lo máa máa rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Mo mọ̀ pé Òkèehò ni ìyá rẹ máa ń sùn mọ́jú, nílé obìnrin kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Tíṣà ló ń pè é. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ló júwe ilé náà fún mi. Ìrọ̀lẹ́ ni. Obìnrin náà jókòó síta, ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún, àmọ́ ojú rẹ̀ mú.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Èmi ni ọkọ Àṣàbí tó máa ń ti Agége wá."

Ó yọ̀. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn mi lọ síbi mọ́tò. "Ẹ káàbọ̀ o! Òun náà dà?"

Mo kàn dúró síbẹ̀, mo di fìlà mi mú lọ́wọ́. Ó wo fìlà náà, ó wo ojú mi, ó gbé abọ́ ẹ̀fọ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Ó ti lé lógójì ọjọ́, mà."

"Ogójì ọjọ́! Mo sì ń pè é lójoojúmọ́! Wọ́n ní fóònù rẹ̀ ò ṣí sílẹ̀. Mo ní bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ta ló pa fóònù rẹ̀?"

"Ọmọ wa ọkùnrin ni."

Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé ó ṣẹ̀ mí. Ó ti tó ogún ọdún tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣọ̀rẹ́. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà mi ni màá ti bá ikú rẹ̀ pàdé."

Mo ti jíṣẹ́ o. O ṣẹ̀ ẹ́. Mi ò bá ọ bẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀bẹ̀ náà ò sí lọ́wọ́ mi.

Ó mú mi wọ yàrá kékeré kan lẹ́yìn. Ó ní ibẹ̀ ni Àṣàbí máa ń sùn. Báàgì kan wà lórí àga. Ìró kan, bùbá kan, ìbòrí aláwọ̀ ewé kan, sílípáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ síhà kan bí gbogbo bàtà ìyá rẹ ṣe máa ń jẹ, nítorí bó ṣe ń rìn. Ó máa ń fi wọ́n síbẹ̀ kí ẹrù rẹ̀ lè fúyẹ́. Mo gbé ìró náà sójú. Òórùn rẹ̀ ni, Àkànní. Òrí àti ọṣẹ àti òun fúnra rẹ̀. Èmi tí wọ́n bí ní ọdún méjìdínláàádọ́rin sẹ́yìn, mo jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo ké bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Màmá Tíṣà ò sọ pé kí n dákẹ́. Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó lọ jókòó síta. Nígbà tí mo dákẹ́ fúnra mi, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín wá. Mo ní mi ò lè jẹun. Ó ní, "Ẹ jẹun, kí ẹ lè ráyè sunkún dáadáa lọ́la."

Tí o bá fẹ́ bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, ọmọ mi, ṣe bíi tirẹ̀. Gbé oúnjẹ wá, kí o sì pa ẹnu mọ́. Gbogbo àwọn tó ń sọ pé "Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n ṣe," "Ẹ ṣe bí ọkùnrin," "Ẹ má jẹ́ kí òkú gbọ́ ẹkún yín," kò sí èyí tó gbé omi fún mi nínú wọn. Ìmọ̀ràn kejì. Tàbí ìkẹta, mi ò mọ̀.

Ní alẹ́ náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ òsì mi. Àṣírí kan wà tí mo gbọ́dọ̀ tú fún ọ. O máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé ẹ̀rọ ló gé ìka méjì lọ́wọ́ bàbá àgbà. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Ọba Akran, ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ tẹ abọ́ rọ́bà jáde. Wọ́n wá bá mi ní géètì pé bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ, a sin ín, mi ò sunkún. Ojú ń wò mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n wí pé ọmọ Èkó ti gbọ́n. Ọ̀gá mi ní kí n lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Mo ní, "Rárá o, sà, ara mi le." Ọjọ́ kẹta ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ. Mo ń gba iṣẹ́ àárọ̀ mọ́ tàlẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Irin. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi!

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń kó abọ́ jáde nínú ẹ̀rọ, mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Bí bàbá mi ṣe ń wúkọ́ gan-an ni. Mo yíjú padà. Ọwọ́ mi ò yí padà pẹ̀lú mi.

Ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹkún tí mi ò sun ló gé ìka mi. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé fún ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ bàbá mi létí mi. Ìyá rẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo fọ́ àwo mọ́ ògiri. Òun ló gbálẹ̀. Àárín wa ò gún fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń dá a lẹ́bi pé ó le lójú.

Ṣé o rí ìdí tí inú fi ń bí mi? Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ ti sọ fún mi pé o fi mọ́tò gbá géètì ní Opebi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọ̀sán gangan. Ọjọ́ tí mo dé láti Ṣakí, tí ẹ pé jọ sí pálọ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ mú olè, o ní kí o bu omi fún mi, o sì ń da omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, o ò mọ̀. Sìlífátù di mọ́ mi, ó ń sunkún. Ìwọ wo aago ọwọ́ rẹ, o ní o ní ìpàdé. Ìwọ náà fẹ́ di Irin. Tí iná ò bá tán lórí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Àbújá tí o ń sá lọ yẹn, ìwọ àti ẹkún tí o ò sun náà ni ẹ jọ máa wọ ọkọ̀.

Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ọ̀nà mi. Ní ọjọ́ kejì, mo dé abúlé tó wà lẹ́yìn Ṣakí, níbi tí wọ́n ti ń se òrí. Obìnrin bíi mẹ́fà wà nídìí iná, wọ́n ń pò ó. Mo ti sọ fún ara mi pé màá sọ ọ́ kíá lọ́tẹ̀ yìí. Mo kí wọn, mo ní, "Àṣàbí Agége ti kú o. Èmi ni ọkọ rẹ̀. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó wá."

Ìyá Ràmọ́tù, tó jẹ́ àgbà wọn, fi ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó wá kọjú sí mi, ó bínú sí mi gidi.

"Ẹ fi pamọ́ fún wa! Òrí rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ igi, a ti dì í sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, a ní á dé, á dé! A ti bú u pé ó ti rí àwọn mìíràn!"

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni, mà. Mi ò mọ̀ yín."

Ó ní, "Ọdún mélòó lẹ fi jẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ẹ ò fi mọ̀ wá?"

Ìwọ náà, ṣé o ní èsì fún un?

Wọ́n pa iná. Wọ́n jókòó yí mi ká, àwọn tó mọ àdúà ṣe àdúà, wọ́n sunkún rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sunkún ẹni tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń sọ ọ́ fún mi. Ìyá rẹ máa ń gbé orin, wọn á gbè é. Ohùn rẹ̀ dùn, wọ́n ní. Nínú ilé mi, mi ò gbọ́ kó kọrin rí àyàfi ìgbà tó bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọmọ obìnrin kan ń rọbí lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sí ọkọ̀, Àṣàbí gun ọ̀kadà, ó gbé e sẹ́yìn lọ sí Ṣakí.

Mo ní, "Ọ̀kadà? Ta ló wà á?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Òun ni! Kò sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n gùn? Ó ti pẹ́ tó ti ń gùn ún kiri abúlé. Ó ní ọkọ òun á pariwo."

Inú bí mi, Àkànní. Ní òtítọ́, inú bí mi, mo jowú. Àwọn wọ̀nyí mọ Àṣàbí kan tí èmi ò mọ̀. Lójijì ni ẹ̀rín pa mí. Mo rí i lójú mi, pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó so mọ́dìí, tó ń fẹ́ eruku kiri. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ wọn. Mo ń bá wọn ṣẹ́ igi, wọ́n ń sọ ìyá rẹ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ irú obìnrin tí mo fẹ́, lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé kan, lẹ́yìn tí ikú ti gbà á lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí o bá délé lálẹ́ òní, bi Bọ́sẹ̀ léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lónìí. Pa rédíò, pa fóònù, kí o jókòó gbọ́ ọ. Tó bá gba wákàtí méjì, kó gbà á. Má jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn àjèjì ló máa sọ ìyàwó rẹ fún ọ.

Èmi náà ṣe àṣìṣe kan lórí ìrìnàjò mi, mi ò ní purọ́. Mo pa fóònù, ẹ ò mọ ibi tí mo wà, ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá, Sìlífátù ò sùn. Mo ti bẹ òun. Mo bá ọ wí pé o pa fóònù ìyá rẹ, èmi náà sì pa tèmi. Mo bẹ ìwọ náà níbí. Ẹ̀bẹ̀ tó kàn mí nìyẹn, kò sí èyí tó kù tí màá bẹ lójú agbo. Ẹni tó bá fẹ́ dá lọ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnì kan. Má wakọ̀ lálẹ́. Tí ojú rẹ bá kún, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbé omi dání. Jẹun bí ebi ò tilẹ̀ pa ọ́. Má fi eré sísá pa ìrònú, ọ̀nà ò ṣe é bá ṣeré.

Mo sì fẹ́ kí o lọ. Ìyẹn ni mo ń bọ̀ wá sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. O ní ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó wọ Àbújá. Fi ìpàdé ẹbí sílẹ̀, fi dídi ẹrù sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbé mọ́tò rẹ, ìwọ nìkan, má mú awakọ̀ ilé iṣẹ́ dání. Gba Abẹ́òkúta, gba Ìsẹ́yìn. Ní Òkèehò, dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Tíṣà, kí o gbọ́ ohun tó máa sọ, kí o má wo aago. Báàgì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò gbé e wá. Ó ní òun á tọ́jú rẹ̀ dè ọ́, mo sì gbà, torí tìrẹ náà ni. Ní abúlé, wọ́n mọ̀ ọ́. Ìyá Ràmọ́tù bi mí pé, "Múfútàù tó máa ń di ìyá rẹ̀ ní aṣọ mú tó bá ń bọ̀ wá síbí, ṣé ó ti dàgbà?" Mo ní ó ti dàgbà. Mo ní wọ́n ti ń pè é ní ọ̀gá.

Sọ fún àwọn ẹbí pé mo ní kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa lọ. Sọ fún Alhaji Bùráímọ̀ pé mo kí opó Onígbòǹgbò, pé mo bá a kẹ́dùn ọkọ rẹ̀, torí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tíì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìpolówó tí ó ń ṣe. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló ṣe bàbá rẹ, sọ fún wọn pé ìyàwó rẹ̀ kú.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí iṣẹ́ tuntun náà tura. Kí ó má jẹ́ kí o rí ohun tí mo rí kí o tó gbọ́n. Kí ó mú ọ lọ, kí ó mú ọ bọ̀ láyọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ, àní bí inú ṣe ń bí mi yìí.

Múfútàù, kò sí ẹni tó ń wò ọ́ mọ́. Àwọn tó ń yìn ọ́ ti lọ sílé wọn. Ìyá rẹ ló kú, Àkànní, kì í ṣe ìyá ẹlòmíràn. Sunkún.

Èmi ni, bàbá rẹ tí orí rẹ̀ pé,
Àlàmú.